Ìró Ìbọn Bàbá Mi Nínú Ọyẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá ibì kan jókòó sí, torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ìdúró.

Lánàá ni ọmọ mi obìnrin fi fídíò kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan ń ṣe òkú bàbá wọn nílé wa lọ́hùn-ún, ìbọn ń dún lákọlákọ, àwọn èèyàn ń pariwo, àwọn kan ń jó. Ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí n wo bó ṣe dùn tó. Èmi ò rẹ́rìn-ín o. Koríko tó wà lẹ́yìn wọn ni mò ń wò. Ó ti gbẹ fúrúfúrú.

Mo ní kó pa á. Ó bi mí pé kí ló dé. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Ibo ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀? Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́ síbí, kí ẹ̀yin àti òun lè jọ kà á.

Ọdẹ ni bàbá mi. Oko wa ń jẹ́ Ìdí-Igbá, láàárín Òmù-Àrán àti Èsìẹ́. Ẹ má wulẹ̀ wá a lórí máàpù, kò sí níbẹ̀. A nílé nígboro Òmù-Àrán o, ilé pánù gidi, kí ẹnikẹ́ni má rò pé a ò rílé gbé! Ṣùgbọ́n oko ni bàbá àti ìyá mi ń gbé, nínú ilé alámọ̀ tí wọ́n fi koríko bẹẹrẹ bò. Ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n máa ń wá sígboro fún ìsìn. Bàbá mi á wọ agbádá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, á kọrin títí, ohùn rẹ̀ ò ní bá tẹnikẹ́ni mu. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á gbé ìbọn kọ́ èjìká. Àwọn kan nínú ìjọ máa ń sọ pé iṣẹ́ ọdẹ ò yẹ onígbàgbọ́. Àwọn náà ló máa ń kọ́kọ́ yọjú tó bá pa ìgalà, ẹ ò rí nǹkan?

Ìbọn ṣakabùlà ló ń lò. Fún ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ìyẹn ni ìbọn tí wọ́n ń rọ ẹ̀tù sí láti ẹnu, tí wọ́n á wá fi ewé tàbí àkísà dí i kí ẹ̀tù má baà dà nù. Tí wọ́n bá yìn ín, ohun tí wọ́n fi dí i yẹn á bá iná jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ìyá mi wá ni iṣẹ́ ìyanu. Ìyá mi mọ ìró ìbọn ọkọ rẹ̀! Ọdẹ pọ̀ ládùúgbò wa, ìbọn ń dún níhìn-ín, ń dún lọ́hùn-ún, kò ní ká a lára. Ṣùgbọ́n tí ti bàbá mi bá dún, bó ń ṣa irú lọ́wọ́, bó ń dirun fún mi lọ́wọ́, á kàn dúró. Á ní, "Bàbá yín nìyẹn." Á dìde, á gbé omi kaná. Kí omi náà tó hó dáadáa, bàbá mi á ti máa wúkọ́ lẹ́yìn ilé, ẹran á wà léjìká rẹ̀.

Èmi náà gbìyànjú títí. Gbàù ni gbogbo rẹ̀ ń dún létí tèmi! Mo bi í léèrè báwo ló ṣe ń mọ̀ ọ́n, ó ní tí mo bá lọ́kọ, màá mọ̀. Mo lọ́kọ lóòótọ́. Akọ̀wé báńkì ni. Ìró kí ni mo fẹ́ dá mọ̀ níbẹ̀?

Bàbá mi kú nínú ọyẹ́, láwọn ọdún tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn nílẹ̀ yìí, tí gbogbo ẹni tó lẹ́sẹ̀ ń lọ sí Èkó. Èmi àti ọkọ mi wà ní Agége. Ẹ̀gbọ́n mi, Bùọ̀dá Ṣọlá, ń ṣiṣẹ́ ní etí omi níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù ọkọ̀. Pijó ló ń wà. Ṣafárì ló ń wọ̀, àti gọ́gùsì dúdú tí kì í bọ́ kódà nínú pálọ̀. Tó bá wọ Òmù-Àrán, ewúrẹ́ pàápàá á mọ̀ pé ará Èkó ti dé.

Ìjọ sin bàbá wa nígboro, wọ́n ṣe é dáadáa. Ó wá ku tàwọn ọdẹ. Àwọn àgbà ìjọ ní àwọn ò fẹ́ ìṣípà, ètùtù tí àwọn ọdẹ máa ń ṣe fún ọdẹ tó kú, torí onígbàgbọ́ ni òkú. Àwọn ọdẹ ní ó dáa, ṣùgbọ́n ọdẹ kì í lọ ní ìdákẹ́rọ́rọ́, ìbọn gbọ́dọ̀ dún fún un. Àwọn àgbà ìjọ rò ó títí, wọ́n ní kò burú, ariwo lásán ni ìbọn, kò lẹ́sìn.

Bàbá Jímọ̀ ni olórí ọdẹ lágbègbè wa nígbà yẹn. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni láti kékeré. Mùsùlùmí ni, ó ń kírun, ó ń gbààwẹ̀, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó pe gbogbo wa jókòó, ó ní kí a ṣe sùúrù kí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ná, ìbọn inú ọyẹ́ kò ṣeé gbọ́kàn lé. Ó ní bí a bá sì ń kánjú, a lè yìn ín níwájú ilé ìgboro, níbi tí ilẹ̀ ti mọ́ tí kò sí koríko. Gbogbo wa gbà. Bùọ̀dá Ṣọlá náà gbà, ẹni tó jẹ́ pé tí ẹ bá ní ọ̀tún, òsì ni tiẹ̀!

Ìyá mi nìkan ni kò gbà.

Láti ọjọ́ tí bàbá mi ti kú, ẹnu ìyá mi kò fi bẹ́ẹ̀ là. Ọjọ́ yẹn ló sọ̀rọ̀. Ó ní òun ò bèèrè màlúù, òun ò bèèrè aṣọ. Òun fẹ́ gbọ́ ìbọn ọkọ òun lẹ́ẹ̀kan sí i láti ẹnu ọ̀nà òun ní Ìdí-Igbá, bí òun ṣe máa ń gbọ́ ọ, láti ọ̀ọ́kán. Ó ní nígboro, ògiri pọ̀ jù, ìró rẹ̀ á kàn máa ta síra wọn, kò ní jẹ́ ìró tí òun mọ̀. Tí òun bá gbọ́ ọ lóko, òun á mọ̀ pé ọkọ òun ti dágbére.

Bàbá Jímọ̀ ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó dúró de òjò. Ìyá mi ní ta ló mọ̀ bóyá òun náà á wà láyé nígbà òjò?

Ẹ dákun, ta ló fẹ́ bá opó jiyàn?

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, èmi àti Bùọ̀dá ti ń bẹ̀ ẹ́ kó bá wa lọ sí Èkó, ó ní láéláé. Ohun kan ṣoṣo tó ń fẹ́ láyé mọ́ ni kó máa gbé Ìdí-Igbá, kó máa ká èso igi igbá rẹ̀, kó máa fi se irú, títí ọlọ́jọ́ á fi dé. A ti gbà fún un. Bùọ̀dá ti ṣèlérí pé tí òjò bá dáwọ́ dúró lọ́dún tó ń bọ̀, òun á ká koríko kúrò lórí ilé náà, òun á fi pánù bò ó. Inú ìyá mi dùn sí i. Ilé yẹn ni ayé rẹ̀.

Ọ̀sán la lọ. Ọyẹ́ mú, ètè gbogbo wa ti là. Ẹ ò mọ bí oko ṣe máa ń rí nígbà yẹn, ojú ọ̀run á funfun, afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ yẹ́ẹ́, ewé gbígbẹ á máa rìn bí ẹni ń bọ̀. Àárò rẹ̀ ń sọ mí, kí n má parọ́ fún yín. Àárò òórùn irú tó ń hó lórí iná ń sọ mí, àárò ilẹ̀ tútù tí a máa ń tẹ̀ láàárọ̀ ń sọ mí.

Bàbá Jímọ̀ ṣọ́ra o. Ó ní kí wọ́n gbá gbogbo iwájú ilé, kí wọ́n wọ́n omi sí i. Ó ní ewé tútù ni kí gbogbo ọdẹ fi dí ìbọn wọn, kò gbọdọ̀ sí ẹni tó máa lo àkísà. Wọ́n yìn ín lọ́kọ̀ọ̀kan sí ojú ilẹ̀ gbígbá yẹn, kò sí wàhálà kankan. Ó wá ku ìbọn bàbá mi.

Ṣé ẹ rántí pé ìyá mi ní láti ọ̀ọ́kán ni òun fẹ́ gbọ́ ọ? Kò ṣeé yìn níwájú ilé nìyẹn. Bàbá Jímọ̀ ní láti gbé e wọ inú igbó, sójú ọ̀nà tí bàbá mi máa ń gbà bọ̀ wálé. Kó tó lọ, ìyá mi wọlé, ó mú gbérí ọdẹ bàbá mi jáde, aṣọ tó ti gbó, tí epo àti ẹ̀tù ti mu, ó ya etí rẹ̀ fún un. Ó ní kó fi dí ìbọn náà, kí nǹkan tirẹ̀ lè bá a lọ.

Mo rí ojú Bàbá Jímọ̀. Ó wo aṣọ náà, ó wo ìyá mi. Ó gba aṣọ, ó lọ.

À ń retí ìró rẹ̀. Ìyá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà lórí àpótí rẹ̀.

Ìbọn dún.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọjọ́ yẹn ni mo dá a mọ̀! Lẹ́yìn gbogbo ọdún yẹn! Ó wúwo ju tàwọn yòókù lọ, ó sì pẹ́ kó tó tán nílẹ̀. Ìyá mi gbé orí sókè. Ó ní, "Bàbá yín nìyẹn." Ó dìde, ó wọ ilé ìdáná, ó gbé omi kaná.

Kò sẹ́ni tó lè wò ó. Bùọ̀dá Ṣọlá bọ́ gọ́gùsì, ó gbé ojú pa mọ́ ara ògiri, ó ń ké bí ọmọdé. Èmi ò lè sọ tèmi.

Bàbá Jímọ̀ padà dé, ó ní òun wá àkísà yẹn títí níbi tó yẹ kó bọ́ sí, òun ò rí i, ó jọ pé ó ti jóná tán lójú ọ̀run. Wọ́n gbé iyán wá fáwọn ọdẹ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni òórùn èéfín ń wá. Ẹnì kan bèèrè pé kí ló ń jó? Ẹlòmíràn dá a lóhùn pé iná Ìyá Ṣọlá ni, ṣé kò rí i pé ó ń se omi ni? Lóòótọ́, èéfín ń jáde lẹ́yìn ilé ìdáná. Gbogbo wa rí i. A ń jẹun nìṣó.

Bàbá Jímọ̀ ló gbé orí sókè tó rí àwòdì. Wọ́n ti ń pọ̀ lójú ọ̀run lókè ọ̀nà yẹn, wọ́n ń yí po. Ẹ̀yin ọmọ oko mọ ohun tí àwòdì ń wá níbi tí wọ́n bá ti pọ̀ báyẹn. Tata tó ń sá fún iná ni wọ́n ń gbé. Ó ju òkèlè ọwọ́ rẹ̀ nù, ó kígbe pé, "Iná o! Iná ti mú oko!"

Kí a tó dé ẹ̀yìn ilé, ó ti dé. Ẹ má bi mí bí iná ṣe ń yára tó nínú ọyẹ́. Àwọn ọkùnrin ya ẹ̀ka igi, wọ́n ń lù ú. Bí wọ́n ṣe ń pa á níbí, afẹ́fẹ́ ń gbé e fò sọ́hùn-ún. A ti wọ́n omi inú ìkòkò tán sí iwájú ilé, odò sì ti gbẹ. Ẹ̀yìn abà iṣu ló gbà, ó fò sórí ilé.

Koríko bẹẹrẹ! Wọ̀ì ló ṣe, ó tán.

Ìyá mi ò fẹ́ jáde. Bùọ̀dá Ṣọlá kó wọ inú ilé ìdáná tòun ti ṣafárì rẹ̀, ó gbé e pọ̀n sẹ́yìn, ó ń sáré. Ìyá mi ń fi ọwọ́ lu ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń pariwo pé kó sọ òun kalẹ̀, omi òun wà lórí iná. Mò ń gbọ́ ohùn yẹn títí dòní.

Ẹ̀mí kankan ò bá a lọ, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ilé jó, abà iṣu jó, àwọn igi kajú jó, ó jó dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà mọ́tò kó tó kú. Bàbá Jímọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú ìyá mi nínú eérú, àgbàlagbà ọkùnrin, ó ń sunkún. Ìyá mi ní kó dìde. Ó ní òun lòun fún un láṣọ. Ó ní òun sáà gbọ́ ọ.

Bó ṣe di ará Èkó nìyẹn, ìyá mi tó ní láéláé.

Ọ̀dọ̀ mi ní Agége ló gbé. Àwọn ará ilé máa ń fi Ìgbómìnà ẹnu rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀, òun náà á máa fi Yorùbá Èkó tiwọn ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò sí lọ́dọ̀ wa. Tí táyà ọkọ̀ bá bẹ́ lójú títì, ohunkóhun tó wù kó máa ṣe, á dúró, á dẹtí. Lẹ́yìn náà á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ ò mọ bó ṣe ń dùn mí tó! Ojoojúmọ́ ni táyà ń bẹ́ ní Agége.

Bùọ̀dá ní ọdún tó ń bọ̀ ni a máa kọ́ ilé náà. Ó ra pánù díẹ̀, ó kó o jọ sí kọ̀rídọ̀ ilé rẹ̀. Ọdún tó ń bọ̀ dé, ó ní èyí tó tún ń bọ̀. Kí a tó mọ̀, owó epo ti wọlẹ̀, wọ́n ń dá àwọn èèyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́, Bùọ̀dá náà bá a lọ. Pijó lọ. Ṣafárì ṣá. Nígbà tí Sáàpù dé, ètò ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, ó ta pánù yẹn láti fi san owó ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ̀. Kò lè sọ fún ìyá wa. Èmi ni mo sọ fún un. Ó kàn ní kí Ọlọ́run tọ́jú àwọn ọmọ náà.

Nígbà tí Èkó le mọ́ èmi náà, mo gbé ìyá mi padà sí Òmù-Àrán, sí ilé ìgboro. Ó ní kí n mú òun dé Ìdí-Igbá. Koríko ti bo gbogbo rẹ̀. A wá ibi tí ẹnu ọ̀nà wà títí, a ò rí i. Àwọn igi igbá rẹ̀ tí iná jó lọ́jọ́sí ti rúwé padà, wọ́n tutù yọ̀yọ̀. Ìyá mi fọwọ́ kan ọ̀kan, ó ní igi ń rúwé o, ilé kì í rúwé. Ó ní tí òun bá kú, Bàbá Jímọ̀ á fẹ́ yìnbọn fún òun torí ìyàwó ọdẹ ni òun. Ó ní kí n má jẹ́ kó yìn ín bí ilẹ̀ bá gbẹ. Kí a jẹ́ kí òjò rọ̀.

Inú ọyẹ́ lòun náà kú sí.

A sin ín, a ò yìnbọn. Àwọn kan ní kí ló dé, ṣé ìyàwó ọdẹ ni wọ́n ń sin bí olè báyìí? A dúró. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, a tún dúró. Nígbà tí gbogbo ilẹ̀ ti tutù, tí àgbàdo ti dé orúnkún, Bàbá Jímọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ó ti darúgbó. Ìbọn bàbá mi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, torí ọwọ́ rẹ̀ ló wà lọ́jọ́ iná yẹn. A lọ sí Ìdí-Igbá, èmi, òun àti Bùọ̀dá Ṣọlá. Ó fi ewé igbá dí i, ó yìn ín.

Ewé náà já bọ́ sínú koríko tútù, ó rú èéfín díẹ̀, ó kú. Bàbá Jímọ̀ rọra rìn lọ bá a, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó dúró lórí rẹ̀ pẹ́. Ó wá wò mí. Ó ní, "Òkú ò kánjú, ọmọ mi. Àwa tá a kù lẹ́yìn la kánjú." Bùọ̀dá gbá a mú, àwọn méjèèjì ń sunkún nínú àgbàdo olóko.

Ṣé ẹ wá rí ìdí tí mi ò fi lè wo fídíò yẹn? Ẹ̀yin ọmọ wa, mi ò ní kí ẹ má bọlá fún baba yín. Ẹ yìn ín! Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ilẹ̀ gbalasa tí koríko ò sí nítòsí, ẹ má fi àkísà dí i, kí ẹnì kan sì wà tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju pé kó wá ohun tó bá ìbọn jáde rí. Tó bá wá ṣeé ṣe, ẹ dúró de òjò. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọdẹ náà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹran kan ò tó oko àti ilé.

Ǹjẹ́ irú èyí ti ṣẹlẹ̀ rí lápá ọ̀dọ̀ yín? Báwo lẹ ṣe pa iná náà, àbí ó kọjá agbára yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi, àtẹni tó wà ní Òwu-Ìsin àtẹni tó wà lókè òkun. Tí ẹ bá sì ní oko kan tí kò sí mọ́, ẹ dárúkọ rẹ̀ fún wa, kí ẹlòmíràn lè bá yín pè é. Ọyẹ́ ti ń fẹ́ níbí láti àárọ̀, àárò ìyá mi sì ń sọ mí gan-an ni.